Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Ìmójútó Ìdánwò Ìwòsàn Jíìnì, láti Tuskegee dé Ìkòròdú

Láti oṣù Kejìlá ọdún 2023, nígbà tí FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ìwòsàn jíìnì méjì fún àrùn fòníkúfọ̀ladìde, ni àwọn òbí tí ọmọ wọn jẹ́ SS ní Ìkòròdú ti ń béèrè ìgbà tí yóò kàn wá. Ìbéèrè gidi ni, nítorí kò sí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní àrùn yìí tó Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n bí irú ìwòsàn bẹ́ẹ̀ yóò bá wọ̀lú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdánwò ni yóò kọ́kọ́ dé. Bí wọ́n bá ránṣẹ́ pe ìyá kan ní Ìgbógbó tàbí Ìmọ̀tà pé kó mú ọmọ rẹ̀ wá fún un, ta ni yóò ti yẹ ìwé ìdánwò náà wò ṣáájú ìyá yìí, kí sì ni agbára onítọ̀hún láti sọ pé kò gbọdọ̀ wáyé? Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn wà, ní òkè òkun àti ní Nàìjíríà níbí. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe dé ibi tí wọ́n wà, nítorí ó ṣòro láti rí òfin kan lọ́wọ́ wọn tí kì í ṣe pé ẹnì kan ti fara gbá ohun tó bí i.

Jíìnì ni àṣẹ tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara, tí ọmọ jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá rẹ̀, tó ń pinnu bí ẹ̀jẹ̀, ẹran ara àti egungun yóò ṣe rí. Nínú ìwòsàn jíìnì, àwọn dókítà a máa gbé jíìnì tó pé wọ inú sẹ́ẹ̀lì aláìsàn, tàbí kí wọ́n tún èyí tó bàjẹ́ ṣe. Ohun tí wọ́n sì sábà máa ń fi gbé e wọlé ni fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti gba agbára àìsàn lọ́wọ́ rẹ̀. Oògùn tí kò bá ara mu ṣeé dá dúró, yóò sì tán lára. Jíìnì tó ti wọ sẹ́ẹ̀lì kò ṣeé fà jáde mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn alámòójútó fi ń fi ojú tó le ju ti oògùn yòókù lọ wo ìdánwò rẹ̀.

Ìpìlẹ̀ iṣẹ́ wọn ti wà kí ẹnikẹ́ni tó lè gbé jíìnì láti ibì kan sí ibòmíràn. Ní ọdún 1947, ní Nuremberg ní Jámánì, àwọn adájọ́ tó dẹ́bi fún àwọn dókítà ìjọba Hitler, nítorí ìdánwò tí wọ́n fi tipátipá ṣe lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n, kọ ìlànà mẹ́wàá sílẹ̀. Èyí tó ṣáájú nínú wọn ni pé ẹni tí wọ́n fẹ́ dán nǹkan wò lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ gbà. Àwọn adájọ́ Amẹ́ríkà ló jókòó sórí ẹjọ́ náà. Síbẹ̀, ní àkókò yẹn gan-an, ní agbègbè Tuskegee ní Alabama, àjọ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà ń wo àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú 399 tó ní àrùn sífílíìsì láìtọ́jú wọn, kí wọ́n lè mọ bí àrùn náà ṣe ń ba ara jẹ́. Ọdún 1932 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí penisilíìnì tó ń wo àrùn náà sàn ti wọ́pọ̀, wọn kò fún àwọn ọkùnrin wọ̀nyí. Wọ́n ń parọ́ fún wọn pé ìtọ́jú ni wọ́n ń gbà. Oṣù Keje ọdún 1972 ni ìwé ìròyìn tú àṣírí náà. Ní 1974, ìjọba ṣe òfin tó sọ ọ́ di dandan kí ìgbìmọ̀ kan máa yẹ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ wò kí owó ìjọba tó bọ́ sí i, kí ó sì lè kọ̀ ọ́. Àwòṣe ìgbìmọ̀ yìí ló tàn dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọdún 1974 yẹn kan náà ni ẹ̀ka kejì ìmójútó yìí hù. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe lè gé DNA, èròjà tí jíìnì wà nínú rẹ̀, lára ẹ̀dá kan kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti òmíràn, ẹ̀rù sì ń ba díẹ̀ nínú wọn pé kòkòrò tí a kò rí rí lè sá jáde láti yàrá ìwádìí. Paul Berg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ gbogbo onímọ̀ pé kí wọ́n dáwọ́ dúró ná, wọ́n sì péjọ sí Asilomar ní California ní oṣù Kejì ọdún 1975 láti fẹnu kò lórí bí iṣẹ́ náà yóò ṣe máa lọ. NIH, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, ti dá ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní RAC sílẹ̀ lórí ọ̀ràn náà, ìlànà àkọ́kọ́ sì jáde ní 1976. Ohun tó wú mi lórí jù nínú ìtàn RAC ni pé gbangba ló ti ń jókòó: akọ̀ròyìn ń wọlé, ará ìlú ń wọlé, ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò sì ń dáhùn ìbéèrè létígbọ̀ọ́ gbogbo wọn.

Ní 1980, Martin Cline, dókítà ní yunifásítì UCLA, mú mùdùnmúdùn inú egungun aláìsàn méjì, ọ̀kan ní Jerúsálẹ́mù, èkejì ní Naples ní Ítálì, ó fi jíìnì sí i, ó sì dá a padà sí wọn lára. Ìgbìmọ̀ yunifásítì tirẹ̀ kò tíì fọwọ́ sí i. NIH gbà lára owó ìwádìí rẹ̀ padà, Cline sì fi ipò olórí ẹ̀ka tó wà sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn pé ẹni tó bá lọ dán ìwòsàn jíìnì wò nílẹ̀ òkèèrè ṣì ní ilé tí yóò ti jíhìn, ọ̀rọ̀ tó kan àwa tí a ń gbé níbi tí àwọn ará òkèèrè máa ń gbé ìdánwò wá. Ní 1985, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ RAC gbé àkójọ ìbéèrè jáde tí ẹnikẹ́ni tó bá ń béèrè fún àṣẹ gbọ́dọ̀ dáhùn: kí ni ẹ ti rí lára ẹranko, báwo lẹ ó ṣe yan àwọn aláìsàn, kí ni wọn yóò gbọ́ kí wọ́n tó gbà? Lẹ́yìn àgbéyẹ̀wò gígùn bẹ́ẹ̀ ni Ashanti DeSilva, ọmọ ọdún mẹ́rin tí ara rẹ̀ kò lè bá kòkòrò àrùn jà, fi gba sẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀ tí wọ́n ti fi jíìnì sí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1990.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni ikú dé. Jesse Gelsinger jẹ́ ọmọ ọdún 18. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò lè mú amóníà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n oúnjẹ tí wọ́n ń ṣọ́ àti oògùn mú un dúró. Kò retí ìwòsàn fún ara rẹ̀ nínú ìdánwò tó wọ̀ ní Yunifásítì Pennsylvania; àwọn ìkókó tí àrùn náà ń pa ni wọ́n ń wá ọ̀nà fún. Èrò tó dára ló gbé irú rẹ̀ wọ ìdánwò náà: wọ́n ti gbìmọ̀ pé òbí tí ọmọ rẹ̀ ń kú lọ lójú rẹ̀ kò lè fi ọkàn tó balẹ̀ yọ̀ǹda, wọ́n wá ní àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá díẹ̀ ló yẹ. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1999 wọ́n fún un ní fáírọ́ọ̀sì náà. Ní ọjọ́ 17, ó kú. Nígbà tí FDA wádìí, wọ́n rí i pé amóníà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga ju ohun tí ìlànà ìdánwò gbà lọ, pé ẹ̀dọ̀ àwọn kan tó ṣáájú rẹ̀ ti ṣe àìsàn tí wọn kò jábọ̀ bó ṣe yẹ, àti pé ìwé ìyọ̀ǹda tó fọwọ́ sí kò sọ pé irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ti pa ọ̀bọ. Olórí ìwádìí náà sì ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ tí yóò jèrè rẹ̀.

Lẹ́yìn ikú yìí, NIH ní kí gbogbo ẹni tó ń lo irú fáírọ́ọ̀sì náà jábọ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ burúkú 691 ló jáde. Mọ́kàndínlógójì (39) péré ni wọ́n ti jábọ̀ nígbà tó yẹ. Ará iwájú tó jìn sí kòtò, wọ́n ní ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn kò lè gbọ́n bí wọ́n bá fi ewé bo kòtò náà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2000, FDA àti NIH gbé ètò ìṣọ́ tuntun jáde lórí àwọn ìdánwò wọ̀nyí, bàbá Jesse sì ti jẹ́rìí níwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní oṣù tó ṣáájú. Lójú tèmi, iṣẹ́ bàbá yìí tóbi bíi ti onímọ̀ èyíkéyìí nínú ìtàn yìí.

Ti Paris yára sọ. Ní ilé ìwòsàn Necker, ìwòsàn jíìnì mú àwọn ọmọkùnrin tí ara wọn kò ní ààbò láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn bọ́ lọ́wọ́ ikú, ṣùgbọ́n láti 2002 ni àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ti yọ lára àwọn kan nínú wọn, nítorí jíìnì tuntun náà bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ jíìnì mìíràn tó ń mú sẹ́ẹ̀lì pọ̀ sí i. Lẹ́yìn èyí ni ìlànà FDA pé kí wọ́n máa tọpinpin ara àwọn aláìsàn fún ọdún 15 fìdí múlẹ̀.

Tiwa bẹ̀rẹ̀ ní Kano. Ní 1996, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn yírunyírun ń pa àwọn ọmọdé, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ọmọ 200 ló wà nínú ìdánwò náà, ìdajì wọn gba oògùn mìíràn, 11 sì kú. Àwọn òbí sọ pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ìwádìí ìjọba Nàìjíríà rí i pé ìwé àṣẹ tí wọ́n fi hàn kì í ṣe ojúlówó, nítorí ilé ìwòsàn náà kò ní ìgbìmọ̀ kankan nígbà náà. Pfizer takú pé òun kò rú òfin, ṣùgbọ́n ní 2009 ó gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là fún àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Kano. Kì í ṣe ìwòsàn jíìnì ni, síbẹ̀ òun ni ìtàn tí gbogbo ìgbìmọ̀ wa gbé lọ́kàn. Ní 2005 ni wọ́n ṣí ìgbìmọ̀ àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NHREC, ìwé ìlànà rẹ̀ jáde ní 2007, Òfin Ìlera ti 2014 sì fi àṣẹ òfin tì í lẹ́yìn. NAFDAC ló ń fọwọ́ sí ìdánwò oògùn. Àjọ tó ń mójú tó ààbò lórí ohun abẹ̀mí tí wọ́n yí jíìnì rẹ̀ padà dé ní 2015, àtúnṣe òfin rẹ̀ ní 2019 sì kan iṣẹ́ títún jíìnì ṣe.

Ìlànà 2007 ní kí ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ó kéré tán ènìyàn márùn-ún, kí ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wà nínú wọn, àti ẹni tí kò bá ilé iṣẹ́ tó dá ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ tan. Bí ìdánwò bá máa wá mú ọmọ ní Ìkòròdú, mo fẹ́ kí ẹni yẹn jẹ́ ará Ìkòròdú, ìyálọ́jà Sábó tàbí olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìjẹ̀dẹ́, tí yóò ní kí wọ́n fi Yorùbá ka ìwé ìyọ̀ǹda náà sí òun létí látòkèdélẹ̀. Mo sì fẹ́ kó béèrè nípa ọdún 15 yẹn. Lára àwọn ìwòsàn méjì tí FDA fọwọ́ sí, ìkìlọ̀ nípa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ wà lórí ọ̀kan. Ọmọ tó bá gbà á ní ọmọ ọdún 12 yóò ti di ẹni ọdún 27 kí ìtọpinpin tó parí, ìdílé rẹ̀ sì lè ti kó láti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́ tàbí Ṣágámù, kí nọ́ńbà fóònù wọn ti yí padà lẹ́ẹ̀mẹta. Owó àyẹ̀wò ọdọọdún náà, owó ọkọ̀ rẹ̀, àti orúkọ ilé ìwòsàn tí yóò máa ṣe é gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ìdánwò, kí owó náà sì ti wà ní báńkì, kí ìgbìmọ̀ tó jẹ́ kí wọ́n gún ọmọ àkọ́kọ́ lábẹ́rẹ́.