Bí púlà àfọwọ́ṣe ṣe ń yọ fláíwíìlì jẹnẹrétọ̀

Fláíwíìlì jẹnẹrétọ̀ kékeré, ìyẹn irin róbótó wúwo tó ń yí pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, kì í yọ wẹ́rẹ́. Orí kíráńkì (ọ̀pá irin tí ẹ́ńjìnnì ń yí) tó jókòó lé ṣe ṣóńṣó díẹ̀, inú fláíwíìlì náà sì bá a mu, nítorí náà tí nọ́ọ̀tì bá ti tẹ̀ ẹ́ wọlé, ṣe ni wọ́n máa gán mọ́ra, kódà lẹ́yìn tí a bá tú nọ́ọ̀tì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti ń gbé òòlù. Ó dunni, nítorí òòlù lè fọ́ mágínẹ́ẹ̀tì, ó lè pa tírẹ́ẹ̀dì kíráńkì, bẹ́ẹ̀ sì ni irin pẹlẹbẹ kan, bóòtù mẹ́ta àti nọ́ọ̀tì kan tó láti ṣe púlà, irinṣẹ́ tó ń fa fláíwíìlì yọ.

Irin tó nípọn tó mìlímítà 10 ló dára, èyí tó fẹ́lẹ́ máa tẹ̀. Ojú fláíwíìlì fúnra rẹ̀ ni a ti ń wọn ìwọ̀n: ó sábà máa ń ní ihò méjì tàbí mẹ́ta tó ní tírẹ́ẹ̀dì. A ó tẹ páálí mọ́ ọn kí àmì méjì tó dojú kọra àti ti àárín lè hàn, a ó gbé e sórí irin, a ó sì fi dírílì lu ihò mẹ́ta. Wẹ́dà á wá jó nọ́ọ̀tì mọ́ ihò àárín, ní apá tó kọjú sí fláíwíìlì. Apá yìí ṣe pàtàkì gan-an. Tí bóòtù bá ń ti kíráńkì, nọ́ọ̀tì á máa sún sẹ́yìn. Tí irin bá wà lẹ́yìn rẹ̀, irin ló ń gbé ẹrù náà. Tí nọ́ọ̀tì bá wà ní apá kejì, ojú ìjó nìkan ló ń gbé e, ó sì lè ya.

Bóòtù ẹ̀gbẹ́ méjèèjì di fláíwíìlì mú, wọn kò gbọdọ̀ gùn débi tí wọ́n á fi kan kọ́ìlì lẹ́yìn. Bóòtù àárín ló ń ti kíráńkì. Tó bá jẹ́ M12, ìyípo kan ń sún un ní mìlímítà 1.75 péré, nígbà tí ọwọ́ tó di sípánà gígùn sẹ̀ńtímítà 20 ń rìn tó sẹ̀ńtímítà 125. Ìyàtọ̀ yìí ni agbára púlà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìhara irin ń jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Gíríìsì lórí tírẹ́ẹ̀dì ń dín ìhara náà kù.

Nọ́ọ̀tì kíráńkì tí a tú gbọ́dọ̀ ṣì wà ní ẹnu kíráńkì, kí tírẹ́ẹ̀dì má bàa bàjẹ́, kí fláíwíìlì má sì fò jáde. Tí bóòtù bá ti le, a ó fi òòlù kan orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, fláíwíìlì á já. Ká wo kíì rẹ̀, irin kékeré tó wà láàárín fláíwíìlì àti kíráńkì, dáadáa: tó bá ti gé, iná plọ́ọ̀gì kò ní bọ́ sí àsìkò mọ́, ẹ́ńjìnnì kò sì ní jí.