Bí òbí ṣe ń rí ọmọ rẹ̀ lójú alámòójútó ní England

Ní England, bí tọkọtaya bá túká, òbí tí ọmọ kò gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ kì í tipa bẹ́ẹ̀ di àjèjì. Ire ọmọ ni òfin ọmọdé ti 1989 fi ṣíwájú ohun gbogbo. Àtúnṣe ọdún 2014 sì ní kí adájọ́ kọ́kọ́ gbà pé ó ṣàǹfààní fún ọmọ kí òbí méjèèjì wà nínú ayé rẹ̀, àfi tí ẹ̀rí bá tako èyí. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀sùn bá wà pé bàbá ń lu ìyá, tàbí pé ìyá ń lo oògùn olóró, tàbí tí wọ́n ń bẹ̀rù pé ẹnì kan lè gbé ọmọ sá kúrò nílùú, adájọ́ lè ní kí wọ́n máa ríra lójú ẹlòmíràn.

Fọ́ọ̀mù C100 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Ẹni tó bá ń fẹ̀sùn ìpalára kan ẹnìkejì yóò fi C1A kún un. Cafcass, àjọ tó ń gba ilé ẹjọ́ nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ọmọ, yóò wádìí lọ́wọ́ ọlọ́pàá àti káńsù, yóò bá òbí kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù, yóò sì kọ̀wé sí adájọ́ ṣáájú ìjókòó àkọ́kọ́.

Oríṣi ìbẹ̀wò méjì ló wà, ibẹ̀ ló sì ti ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní supported contact, ìdílé bíi mélòó kan lè jọ wà nínú gbọ̀ngàn kan, gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì nígbà mìíràn. Àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni wà nítòsí, ṣùgbọ́n wọn kì í tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, wọn kì í sì í kọ ìròyìn ìbẹ̀wò fún ilé ẹjọ́. Supervised contact ni ti ibi tí ewu ti pọ̀: òṣìṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́ ń wo gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kò dáa kí lọ́yà fi ti àkọ́kọ́ rọ́pò ìkejì nítorí pé owó rẹ̀ kéré.

Àkókò tí òbí kọ̀ọ̀kan ń dé máa ń yàtọ̀, kí wọ́n má baà pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí pé à ń sọ̀rọ̀ sí ọmọ létí wúyẹ́wúyẹ́, kò sí bíbi í léèrè ibi tí ìyá rẹ̀ ń gbé, kò sì sí rírán an níṣẹ́ sí ìyá náà. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa Yorùbá gan-an. Bàbá tó ń ki ọmọ rẹ̀ ní oríkì kò ṣe ohun búburú kankan, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí kò gbọ́ èdè náà kò lè mọ̀ bóyá oríkì ni tàbí ìhàlẹ̀. Wọ́n lè ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kó sọ. Ó sàn kí ó ti béèrè ògbufọ̀ ṣáájú ọjọ́ ìbẹ̀wò.

Àkọsílẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń ṣe nínú supervised contact ló ń tún ọ̀nà ẹjọ́ ṣe tàbí tó ń dí i: ìgbà tí òbí dé, bí ọmọ ṣe kí i, ohun tó ṣe nígbà tí ọmọ bú sẹ́kún. Bó bá dára, adájọ́ lè gbé wọn lọ sí gbọ̀ngàn supported contact, lẹ́yìn náà síta, bóyá títí kan sísùn mọ́jú. Bí kò bá dára, ó lè ku lẹ́tà àti káàdì nìkan.

Òbí tí ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ náà kò gbọdọ̀ fi àṣẹ ṣeré. Bó bá kọ̀ láti mú ọmọ wá láìní ìdí gidi, ilé ẹjọ́ lè fi iṣẹ́ ọ̀fẹ́ wákàtí 40 sí 200 jẹ ẹ́ níyà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé adájọ́ kì í sáré débẹ̀.