Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ṣe Ń Wọnú Iṣẹ́ Ìwádìí Ìràwọ̀

Èrò tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé gboyè àkọ́kọ́ ni pé ẹni tí kò bá ní awò awọ̀nàjíjìn kò lè ṣe ìwádìí kankan nípa ìràwọ̀. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tí àwọn awò ńláńlá àti sátẹ́láìtì ti kó jọ pọ̀ ju èyí tí àwọn onímọ̀ lè yẹ̀ wò tán lọ, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Sátẹ́láìtì Gaia, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sójú òfuurufú ní 2013, wọn ipò ìràwọ̀ tó lé ní bílíọ̀nù kan. Sátẹ́láìtì TESS, tí NASA, àjọ ìwádìí òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi ránṣẹ́ ní 2018, ń ṣọ́ bí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ṣe ń lọ sókè sódò.

Bí pílánẹ́ẹ̀tì kan bá gba iwájú ìràwọ̀ tó ń yí po kọjá, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà á dín kù fún wákàtí mélòó kan. Ká ní pílánẹ́ẹ̀tì náà tóbi tó Júpítà, tí ìràwọ̀ rẹ̀ sì tó oòrùn wa, ohun tó máa dín kù kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Nínú àwòrán tí a fi awò orí ilẹ̀ yà, akẹ́kọ̀ọ́ á wọn ìmọ́lẹ̀ náà, á fi wé ti àwọn ìràwọ̀ ìtòsí tí tiwọn kì í yí padà, kí ìkùukùu tó kọjá lójú awò má baà tàn án jẹ, lẹ́yìn náà á to àwọn nọ́ńbà rẹ̀ sórí gíráàfù. Ibi tí ìlà náà bá ti tẹ̀ wọlẹ̀ lè jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ìràwọ̀ méjì tó ń bo ara wọn lójú náà máa ń fa irú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà àti ìmọ̀ díẹ̀ nípa Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tó fún iṣẹ́ yìí.

Ẹni tí kò ní ju ojú lásán lọ náà láǹfààní. Ẹgbẹ́ AAVSO, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1911, ń gba àkọsílẹ̀ nípa ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wọn ń yí padà láti ibikíbi láyé. Nígbà tí ìràwọ̀ Betelgeuse ṣókùnkùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láàárín ìparí 2019 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2020, ojú lásán rí i.

Ìyókù di ọwọ́ olùkọ́. Gíráàfù kan tí akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ yà, tó sì lè ṣàlàyé ibi tó ti ń ṣiyèméjì nínú rẹ̀, máa ń jẹ́rìí rẹ̀ níwájú olùkọ́ ju lẹ́tà gígùn lọ. Ní Amẹ́ríkà, ètò REU (ètò ìwádìí fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé gboyè àkọ́kọ́) tí National Science Foundation, àjọ ìjọba tó ń náwó sí ìwádìí sáyẹ́ǹsì, ń náwó sí máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sí ibùdó ìwádìí fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá nígbà ìsinmi, ó sì ń sanwó fún wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ilẹ̀ náà àti ẹni tó ní ìwé àṣẹ ìgbélùú títí lọ ló sábà máa ń wà fún. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ nílò lẹ́tà olùkọ́ tó ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.