Kí Ọmọ Tó Wọṣẹ́: Àyẹ̀wò Etí, Ojú, Imú àti Ọwọ́ fún Àwọn Oníṣẹ́ Ọwọ́

Bí òbí bá mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá láti kọ́ṣẹ́ wẹ́dà ní Táíwò, tàbí iṣẹ́ ìlagi ní Odò-Òkun, nílùú Ìlọrin, ìwé àdéhùn àti owó ìwọṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè bí ọmọ náà ṣe ń gbọ́ràn sí lọ́jọ́ tó wọlé. Ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣáájú, torí pé ohun tí iṣẹ́ ń bà jẹ́ lára etí, imú àti ìka ọwọ́ kì í sábà dunni. Díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ, ẹni tó ń ṣe kì í sì í mọ̀. Bí kò bá sí èsì àyẹ̀wò ọjọ́ àkọ́kọ́, kò sí ohun tí dókítà máa fi wé ti ọdún kẹta.

Etí ni ká fi ṣáájú.

Nínú etí lọ́hùn-ún, lẹ́yìn awọ tó ń gbọ̀n bí ìró bá kàn án, ihò kan wà tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Omi ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú nǹkan bí 15,000 ẹ̀yà tíntìntín tó nírun lórí. Àwọn ló ń gba ìró, tí iṣan sì ń gbé e lọ fún ọpọlọ. Ariwo tó pọ̀ jù á máa dà wọ́n láàmú títí wọ́n á fi kú. Èyí tó bá ti kú kò ní hù mọ́. Kò sí oògùn òyìnbó tàbí àgbo tó lè hù ú padà.

Dẹ̀síbẹ̀lì ni a fi ń wọn ariwo. Ìwọ̀n tí àwa oníṣẹ́ ìlera ń tẹ̀ lé ni 85 fún wákàtí 8 lójúmọ́. Bí ariwo bá fi 3 lé e, àkókò tí etí lè fi fara dà á á já sí ìdajì: 88 gba wákàtí 4, 91 gba wákàtí 2, 94 gba wákàtí kan, 100 kò gbà ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ariwo lè fi ohùn ara rẹ̀ dán an wò. Bó bá ní láti gbé ohùn sókè kí ẹni tó wà ní mítà kan sí i tó gbọ́, ariwo ibẹ̀ ti tó 85 tàbí kó ti kọjá rẹ̀. Nídìí ẹ̀rọ ìlọta ní Ìpàtá, igbe ni oníbàárà fi ń sọ bó ṣe fẹ́ kí ata òun kúnná tó. Ìyá tó ń lọta níbẹ̀ láti àárọ̀ ń jẹ ariwo bíi ti ẹni tó ń lagi, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń rán ìyá lọ fún àyẹ̀wò etí.

Ìró tín-ín-rín, ní nǹkan bí 4,000 Hz (iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ni ariwo máa ń kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ ẹni. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ inú ọ̀rọ̀ Yorùbá kò ga tó bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí náà ẹni náà ṣì ń gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ sókè sódò. Ìró f, s, ṣ, t àti k ló ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n ní kó fọ́ ọ, ó gbọ́ ṣọ́ ọ, tàbí kọ́ ọ. Á ní, “Mò ń gbọ́ yín o, ẹ ò kàn la ẹnu ni.” Bí bàbá bá ti ń sọ báyìí nílé, ẹ má ṣe bínú sí i, ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò.

Etí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ariwo á dí fún ìgbà díẹ̀, á máa hó, ó sì lè là padà tó bá di òwúrọ̀. Ìlà yẹn ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ tí wọ́n fi ń rò pé kò sí nǹkan. Bí ẹ bá ti ṣọ́ọ̀bù wá tààrà, èsì àyẹ̀wò á burú ju bí etí yín ṣe wà gan-an lọ. Ẹ yẹra fún ariwo fún wákàtí 14 kí ẹ tó wá, ìyẹn ni pé àárọ̀ ni kí ẹ wá, kí ẹ tó débi iṣẹ́. Íàpíìsì àti jẹnẹrétọ̀ abẹ́ fèrèsé náà wà lára ariwo tí a ń wí.

Nọ́ọ̀sì tàbí dókítà á kọ́kọ́ tan iná wo ihò etí. Bí ìdọ̀tí bá dí i pa, wọ́n á fọ̀ ọ́ kúrò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi ìyẹ́ adìyẹ, igi ìṣáná tàbí igi olówùú rò ó nílé. Ṣe ni ẹ óò tún ti ìdọ̀tí náà wọlé, ẹ sì lè lu awọ etí. Lẹ́yìn èyí, ẹ óò jókòó sínú yàrá tó dákẹ́, ẹ óò fi ohun ìgbọ́ràn bo etí. Ìró á máa dún, bí ẹ bá ti gbọ́ ọ, bó ti wù kó kéré tó, ẹ tẹ bọ́tìnnì. Bí ẹ bá gbọ́, wọ́n á fi 10 dẹ̀síbẹ̀lì dín in kù. Bí ẹ kò bá gbọ́, wọ́n á fi 5 kún un, títí wọ́n á fi mọ ibi tó kéré jù tí ẹ lè gbọ́. Wọ́n á ṣe é fún etí kọ̀ọ̀kan láti 500 Hz títí dé 8,000. Ẹ má ṣe méfò. Bí ẹ bá sì ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn nínú yàrá náà, ẹ sọ fún wọn, torí á bo ìró 500 mọ́lẹ̀, èsì á sì di irọ́.

Lórí ìwé èsì, òdo pupa ni etí ọ̀tún, àmì X aláwọ̀ búlúù ni ti òsì. Bí àmì bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni ìgbọ́ràn ṣe ń dín kù. Àgbàlagbà tí èsì rẹ̀ kò kọjá 25 dẹ̀síbẹ̀lì kò ní ìṣòro. Ìlà tó rì ní nǹkan bí 4,000 tó tún gòkè díẹ̀ ní 8,000, ariwo ló sábà máa ń fà á. Ti ọjọ́ orí máa ń rì lọ ni, kì í gòkè padà. Ẹ má gbàgbé láti sọ fún dókítà bí ẹ bá ń fi tínà po ọ̀dà, tàbí bí wọ́n bá ti gún yín ní abẹ́rẹ́ gentamicin, oògùn apakòkòrò kan, rí, torí àwọn náà ń ba etí jẹ́.

Òwú lásán kò dá ariwo dúró. Ìdití onífóòmù ni kí ẹ rà. Ẹ fi ìka yí i títí á fi tín-ín-rín, ẹ na ọwọ́ kejì gba orí kọjá, ẹ fa etí sókè sẹ́yìn, ẹ tì í wọlé, kí ẹ sì fi ìka dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 30 kó lè wú kún ihò náà. Ẹ má ṣe máa yọ ọ́ torí pé ẹnìkan pè yín. Ìdití tó lè gba 30 dẹ̀síbẹ̀lì kúrò, bí ẹ bá yọ ọ́ fún ìṣẹ́jú 30 péré nínú wákàtí 8, ààbò rẹ̀ lápapọ̀ kò lè ju 12 lọ.

Ojú kì í dákẹ́ bíi ti etí. Ìtànṣán iná wẹ́dà tí a kò lè fojú rí máa ń sun awọ iwájú ẹyinjú. Kì í dùn lójú ẹsẹ̀. Ní nǹkan bíi wákàtí 6 sí 12 lẹ́yìn rẹ̀, lóru lọ́pọ̀ ìgbà, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í ta, omi á máa dà, á ṣe é bíi pé iyanrìn wà lábẹ́ ìpéǹpéjú. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó ń bá ọ̀gá di irin mú ni ewu yìí sún mọ́ jù, níbi tó bá jẹ́ pé ọ̀gá nìkan ló ní ìbòjú. Ó sábà máa ń san láàárín ọjọ́ 1 sí 3. Ẹ má kán omi ọyàn, ìtọ̀ tàbí omi ṣúgà sí i, kòkòrò ni wọ́n ń kó wọ̀ ọ́. Oògùn tí ilé ìwòsàn ń kán sójú kí ó lè kú fún àyẹ̀wò kò gbọdọ̀ bá yín délé, torí kì í jẹ́ kí awọ ojú jinná. Gíláàsì ìbòjú ní nọ́ńbà: 10 sí 13 fún iná mànàmáná, 4 sí 6 fún ti gáàsì. Gíláàsì oòrùn kò sí lára wọn.

Bí sìmẹ́ńtì tàbí kọ́sítíìkì sódà bá ta sójú, omi ni ìtọ́jú àkọ́kọ́. Ẹ máa da omi mímọ́ sí i fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ ṣí ìpéǹpéjú méjèèjì, kí ẹ tó ronú mọ́tò tó máa gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn.

Mítà 6 sí àtẹ lẹ́tà ni wọ́n ti ń yẹ ojú wò, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Àtẹ́lẹwọ́ ni kí ẹ fi bo èkejì, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí kò mọ ìwé lè bèèrè àtẹ E, á kàn fi ìka júwe ibi tí ẹsẹ̀ lẹ́tà E náà kọjú sí. 6/12 túmọ̀ sí pé ohun tí ojú tó dá ṣáká ń rí láti mítà 12, ẹ ní láti sún mọ́ ọn dé mítà 6. Bí ẹ bá wo àtẹ gba ihò abẹ́rẹ́ lára páálí tó sì mọ́lẹ̀ sí i, ó ṣeé ṣe kí gíláàsì tún un ṣe. Bí kò bá mọ́lẹ̀, ẹ má ra gíláàsì lọ́jà, ẹ lọ rí dókítà ojú. Àwọn akunlé gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìwé Ishihara tí wọ́n fi ń wo àwọ̀, pupa àti àwọ̀ ewé ló wà fún. Tínà sábà máa ń ba ti búlúù àti yẹ́lò jẹ́ ṣáájú, nítorí náà ẹ bèèrè àyẹ̀wò D-15, níbi tí ẹ óò ti to àwọ̀ tẹ̀ léra.

Imú kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ òun ló ń pani kíákíá. Gáàsì inú ṣálángá àti sókèwéè máa ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n bó bá tó nǹkan bí ìdá 100 nínú mílíọ̀nù kan atẹ́gùn, á pa agbára ìgbóòórùn. Òórùn tó ṣàdédé pòórá kò túmọ̀ sí pé gáàsì ti lọ. Ẹ jáde, bí ẹnìkan bá sì ti ṣubú sínú rẹ̀, ẹ má wọlé tẹ̀ lé e láìsí okùn àti ẹ̀rọ ìmí. Láti yẹ imú wò, ẹ dijú, ẹ dí ihò kan, kí wọ́n gbé kọfí, ọsàn tàbí ọṣẹ sí ìkejì. Wọn kò gbọdọ̀ lo róòbù. Iṣan mìíràn ló ń gbọ́ títa rẹ̀, ẹni tí imú rẹ̀ ti kú á ṣì ní òun gbọ́ ọ.

Gíráíńdà àti ẹ̀rọ ìgégi máa ń pa ìka kú, gọ́ọ̀mù àwọn ṣúmẹ́kà tó ní kẹ́míkà hexane náà ń ba iṣan ọwọ́ àti ẹsẹ̀ jẹ́ láti orí ìka wá. Láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ óò dijú, wọ́n á fi fọ́nrán ọ̀rá tó ń tẹ̀ ní gíráàmù 10 kàn yín lára, wọ́n á gbé irin tó ń gbọ̀n ní 128 Hz lé eegun ìka. Ẹni tí bọ́tìnnì ẹ̀wù ń dà láàmú kó tètè lọ.

Ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìlọrin, UITH, ní ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun, ó sì ní ti ojú. Ará Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán lè ṣe ti àtẹ lẹ́tà ní jẹ́nẹ́rà tó sún mọ́ ọn, kó gba ìwé lọ sí Ìlọrin fún ti etí. Ẹ máa tún un ṣe lọ́dọọdún. Bí ìpíndọ́gba èsì 2,000, 3,000 àti 4,000 Hz bá fi 10 dẹ̀síbẹ̀lì burú ju ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ, ẹ tún un yẹ̀ wò láàárín ọjọ́ 30. Òfin ìsanpadà fún òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 ka etí tí iṣẹ́ bà jẹ́ sí ohun tí wọ́n lè sanwó lé lórí, ìwé ọjọ́ àkọ́kọ́ sì ni ẹ̀rí tó lágbára jù. Ẹ ya ẹ̀dà rẹ̀ kan fún ọ̀gá, kí èyí tí ilé ìwòsàn buwọ́ lù wà lọ́wọ́ òbí.