Kí ló ń fa ìjà lórí patch (kóòdù tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ pé kí wọ́n fi kún un) tó ṣì wà lójú ìdánwò nínú kernel, ọkàn ètò Linux?

Ẹni tó kọ kóòdù kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ló dé tí wọn ò kàn gbà á?

Kíkọ kọ́ ni wàhálà, ìtọ́jú ni. Ẹni tó kọ patch lónìí lè bá iṣẹ́ mìíràn lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Kóòdù rẹ̀ kò ní bá a lọ. Ọrùn àwọn alábòójútó ló kù sí.

Ṣebí wọ́n ti kọ "ìdánwò" sí i lára?

Ibí gan-an ni wọn kì í ti í gbọ́ ara wọn yé. Àwọn tó ń lò ó ni àmì yẹn ń kìlọ̀ fún. Kò yọ ẹni tó kọ ọ́ kúrò lábẹ́ òfin. Òfin tó sì le jù ni ti àkókò. Bí ẹ̀dà kan bá ti jáde, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni Linus Torvalds, tó dá Linux sílẹ̀ lọ́dún 1991, fi ń gba ohun tuntun. Lẹ́yìn ìyẹn, rc1, ẹ̀dà àyẹ̀wò àkọ́kọ́, á jáde, rc2 á tẹ̀ lé e, títí dé bíi rc7. Àtúnṣe àṣìṣe nìkan ló tún lè wọlé.

Ta ló ti kọlu òfin yìí rí?

Ẹni tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ le jù ni Kent Overstreet, tó kọ bcachefs, ètò tó ń bójú tó bí fáìlì ṣe ń wà lórí disk. Ó wọ kernel ní ẹ̀dà 6.7, ní oṣù kìíní ọdún 2024, pẹ̀lú àmì ìdánwò. Nígbà tí ẹ̀dà 6.16 wà ní ìpele rc, ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ó fi ohun èlò kan ránṣẹ́ tó lè gba fáìlì tó ti sọnù padà. Torvalds ní ohun tuntun nìyẹn, kì í ṣe àtúnṣe. Overstreet ní ẹni tí fáìlì rẹ̀ ti lọ kò lè dúró de ẹ̀dà tó ń bọ̀. Torvalds gbà á wọlé, àmọ́ ó sọ pé ó ṣeé ṣe kí àwọn pínyà ní 6.17. Nígbà tí 6.18 máa fi jáde, wọ́n ti yọ kóòdù náà pátápátá.

Ta ló jàre?

Lójú tèmi, Torvalds ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí fáìlì rẹ̀ sọnù kò bìkítà nípa rc kankan. Bí oníkálùkù bá ń fúnra rẹ̀ pinnu ohun tó jẹ́ pàjáwìrì, kí ni rc tún wà fún?

Ṣé àkókò nìkan ni wọ́n ń jà sí?

Rárá o. Èdè ìkọ kóòdù Rust wọlé ní 6.1, ní oṣù kejìlá ọdún 2022, òun náà fún ìdánwò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, Christoph Hellwig, tó ń bójú tó ẹ̀ka DMA (ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń ka memory tààrà) nígbà náà, kọ̀ jálẹ̀ fún patch Rust kan tí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan kóòdù tirẹ̀. Ẹ̀rù èdè méjì nínú iṣẹ́ kan ló ń bà á. Torvalds dá a lóhùn pé kò pọn dandan kó fi ojú kan Rust, ṣùgbọ́n kò lè pàṣẹ fún ẹni tó fẹ́ fi Rust lo kóòdù rẹ̀.

Kí ni patch tí wọn ò gbà ń ṣe?

Ó ń gbé ìta. PREEMPT_RT, patch tó ń mú kí kernel dáhùn lásìkò gan-an, lo nǹkan bí ogún ọdún níta, tó ń wọlé díẹ̀díẹ̀, kó tó parí sí 6.12 ní ọdún 2024. Bcachefs náà ti wà níta báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ń fi í kún kernel rẹ̀ fúnra rẹ̀ nípasẹ̀ DKMS, irinṣẹ́ tó ń kọ́ irú àfikún bẹ́ẹ̀ fún kernel.