Kurdistan kì í ṣe orílẹ̀-èdè olómìnira

Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé Erbil, olú ìlú Kurdistan ní àríwá Ìráàkì, lè rò pé orílẹ̀-èdè mìíràn lòun wọ̀. Àsíá pupa, funfun àti àwọ̀ ewé tí oòrùn onítànṣán 21 wà láàárín rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Èdè Kurd ni wọ́n fi kọ pátákó ojú ọ̀nà. Àwọn sọ́jà tí wọ́n ń pè ní Peshmerga ló ń yẹ ọkọ̀ wò. Ààrẹ wà, olórí ìjọba wà, ilé aṣòfin oníjókòó 100 wà. Kí ló tún kù? Ohun tó kù pọ̀.

Lábẹ́ òfin, ẹkùn kan nínú Ìráàkì ni Kurdistan. Abala 117 nínú òfin ìpìlẹ̀ Ìráàkì ti ọdún 2005 ló fọwọ́ sí i, Abala 121 sì fún un láṣẹ láti ṣòfin kó sì ní ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀. Ibẹ̀ ni Peshmerga fẹsẹ̀ tẹ̀. Ìjọba náà ti wà ṣáájú òfin yìí. Nígbà tí ọmọ ogun Saddam Hussein kúrò níbẹ̀ ní 1991, àwọn Kurd dìbò yan aṣòfin tiwọn ní 1992. (Ẹ má sì rò pé abẹ́ ọ̀gá kan ṣoṣo ni Peshmerga wà: ẹgbẹ́ òṣèlú KDP ní tirẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú PUK ní tirẹ̀, àwọn méjèèjì sì ti bára wọn jagun láàárín 1994 sí 1998.) Àwọn Kurd tó wà ní Tọ́kì, Ìráànì àti Síríà kò sí lábẹ́ ìjọba Erbil rárá.

Ìbò 2017 ló da ọ̀rọ̀ rú jù. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án, ó lé ní ìdá 92 nínú 100 àwọn tó dìbò tó ní kí àwọn yapa kúrò lára Ìráàkì. Èsì yẹn ni ayé gbọ́, wọn ò gbọ́ ohun tó tẹ̀lé e. Baghdad, ìyẹn ìjọba àpapọ̀ Ìráàkì, ò gbà. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti fòfin de ọkọ̀ òfurufú ilẹ̀ òkèèrè sí Erbil àti Sulaymaniyah, ìlú ńlá mìíràn ní ẹkùn náà, títí di oṣù Kẹta 2018. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá, ọmọ ogun Ìráàkì gba ìlú Kirkuk àti kànga epo rẹ̀. Kirkuk yìí náà, ọ̀pọ̀ ń kà á mọ́ Kurdistan. Abala 140 ní kí àwọn ará ibẹ̀ dìbò lórí ọ̀rọ̀ náà kí 2007 tó parí. Wọn ò tíì dì í.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí agbára Erbil mọ, kó wo owó. Dínárì Ìráàkì ni wọ́n ń ná, pasípọ́ọ̀tù Ìráàkì ni wọ́n fi ń rìnrìn àjò. Láti 2014 ni Erbil ti ń ta epo fúnra rẹ̀ gba inú ọ̀pá tó lọ sí Ceyhan ní Tọ́kì. Ní 2022, ilé ẹjọ́ gíga Ìráàkì fagi lé òfin epo tí Erbil gùn lé. Ní oṣù Kẹta 2023, àwọn onílàjà ní Paris dá Baghdad láre, ọ̀pá náà sì di títì. Ó tó ọdún méjì àbọ̀ kí epo tó tún ṣàn ní oṣù Kẹsàn-án 2025, iléeṣẹ́ epo ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní SOMO ló sì wá ń tà á. Owó oṣù olùkọ́ ní Sulaymaniyah náà, Baghdad ni apá tó pọ̀ ti ń wá. Bí ìjọba méjèèjì bá ti ń jiyàn, owó á pẹ́.