Brooding: kí ni octopus ń ṣe lórí ẹyin ẹ̀ látọdún dọ́dún?

Tẹ́ ẹ bá ń ka iṣẹ́ àwọn onímọ̀ tó ń wádìí ẹranko inú òkun, ẹ máa bá ọ̀rọ̀ kan pàdé tí wọ́n ń pè ní brooding, pàápàá tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ octopus, ẹranko òkun tó ní apá mẹ́jọ tí kò sì léegun, ni wọ́n ń sọ. Kò le rárá o, sísàba ni. Kí ìyá yé ẹyin tán, kó má fi í sílẹ̀ lọ, kó dúró tì í títí ẹyin á fi pa. Adìẹ ń ṣe é, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ibi tí ti octopus ti yàtọ̀ sí ti adìẹ pọ̀ ju ibi tí wọ́n ti jọra lọ, ìyẹn ni mo fẹ́ tú palẹ̀, torí nínú gbogbo ohun tí ẹranko yìí ń ṣe, ẹ̀ báà jẹ́ àwọ̀ tó ń yí padà ni o, ẹ̀ báà jẹ́ bó ṣe ń yọ́ gba inú ihò tóóró, sísàba ẹ̀ ló wọ̀ mí lọ́kàn jù, òun náà ló sì jẹ́ kí àwọn onímọ̀ rí bí ayé ìsàlẹ̀ òkun ṣe ń lọ ní tiẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ooru kúrò níbẹ̀. Adìẹ ń fi ara ẹ̀ mú ẹyin gbóná. Octopus ò ní ooru kankan tó fẹ́ fún ẹyin, bí omi tó yí i ká bá ṣe tutù tó ni ara tiẹ̀ náà ṣe ń tutù tó. Kí ló wá ń jókòó ṣe? Iṣẹ́ ló ń ṣe. Ẹ wo octopus ńlá inú òkun Pacific, èyí tó tóbi jù nínú wọn: abo á wá ihò sábẹ́ àpáta, á kó òkúta dí ẹnu ẹ̀, á wá yé ẹyin kéékèèké ẹgbẹẹgbẹ̀rún, á so wọ́n pọ̀ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, á sì fi wọ́n kọ́ sí òkè inú ihò náà kí wọ́n máa rọ̀ wálẹ̀. Ihò kan wà lára octopus tó fi máa ń tú omi jáde, òun kan náà ló fi ń sá lọ fíìì tí nǹkan bá ń lé e, omi yẹn lá wá máa fẹ́ sára àwọn ẹyin yìí lemọ́lemọ́ kí ọ́síjìn lè máa ráyè dé inú wọn, torí ọmọ tó wà nínú ẹyin ń mí. Á tún máa fi apá ẹ̀ ra ẹyin lára, á máa nu ìdọ̀tí àti ewé omi kúrò kó má baà bò wọ́n, tí akàn tàbí ẹja bá sún mọ́ tòsí á lé e. Bó ṣe máa ṣe é tọ̀sán tòru nìyẹn fún bí oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, ẹyin ti lọ nìyẹn.

Kì í sì í jẹun ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹran ara ẹ̀ ló ń jẹ. Ọ̀pọ̀ abo octopus, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń sàba láyé wọn, tí ẹyin bá ti pa tàbí tó kù díẹ̀ kó pa, ìyá á kú. Àwọn èèyàn lè rò pé ebi ló kàn pa á, ṣùgbọ́n ara ẹ̀ fúnra ẹ̀ ló pàṣẹ. Lọ́dún 1977, Jerome Wodinsky tẹ ìwádìí kan jáde: ó ṣe iṣẹ́ abẹ fún abo octopus tó ń sàba, ó yọ nǹkan kékeré méjì kan tó wà láàárín ojú àti ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní optic gland, àwọn abo yìí fi ẹyin sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun padà, ara wọn padà sípò, wọ́n sì pẹ́ láyé ju àwọn tí wọn ò ṣiṣẹ́ abẹ fún lọ. Ibẹ̀ làwọn onímọ̀ ti mọ ibi tí àṣẹ náà ti ń wá. Nígbà tó di 2022, Z. Yan Wang, Clifton Ragsdale àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wá fi hàn pé lẹ́yìn tí abo bá ti gùn tán, optic gland yìí máa ń yí ọ̀nà tó ń gbà ṣe cholesterol padà, àwọn kẹ́míkà kan á wá pọ̀ sí i lára ẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ni 7-dehydrocholesterol, èyí tó jẹ́ pé tó bá pọ̀ jù lára ọmọ èèyàn, àìsàn tó le gan-an ló máa ń fà. Kò ì tíì tán síbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹ ti rí i pé nínú octopus, sísàba àti ikú ìyá, ibì kan náà ni wọ́n ti ń darí méjèèjì.

Squid ńkọ́? Mọ̀lẹ́bí octopus ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ squid kì í sàba. Èyí tí wọ́n ń pa jù ní California, wọ́n á wá ní agbo-agbo sórí iyanrìn ìsàlẹ̀ òkun, wọ́n á ki àpò ẹyin wọn mọ́lẹ̀, wọ́n á lọ, wọ́n á sì kú láìpẹ́. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé squid kì í ṣe ìtọ́jú ẹyin, àfìgbà tí Brad Seibel, Bruce Robison àti Steven Haddock kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature lọ́dún 2005 pé àwọn rí irú squid kan tó ń jẹ́ Gonatus onyx nínú ibú òkun, abo tó ń lúwẹ̀ẹ́ kiri pẹ̀lú ẹyin bí 2,000 sí 3,000 tó so pọ̀ bí awọ tín-ínrín láàárín apá ẹ̀, tó ń na apá tó ń ká a padà kí omi lè máa gba inú ẹ̀ kọjá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gbé e kiri fún oṣù bíi mélòó kan nínú òkùnkùn. Èmi gbà pé èyí gan-an nìdí tí ìwádìí ibú òkun fi ṣe pàtàkì, torí ohun tí wọ́n mọ̀ nípa àwọn tó ń gbé lókè omi ni wọ́n fi ń ṣòfin fún àwọn tó wà nísàlẹ̀.

Ó wá ku èyí tó gbajúmọ̀ jù. Àfonífojì jíjìn kan wà lábẹ́ òkun ní iwájú California tó ń jẹ́ Monterey Canyon, Robison àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní ilé ìwádìí MBARI máa ń rán róbọ́ọ̀tì lọ síbẹ̀. Lóṣù May 2007, ní nǹkan bíi 1,400 mítà sísàlẹ̀, wọ́n bá octopus kan tí wọ́n ń pè ní Graneledone boreopacifica lẹ̀ mọ́ ara àpáta tó dúró bí ògiri, ó ti fi ara bo ẹyin ẹ̀. Àpá wà lára ẹ̀, àpá yẹn ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Wọ́n padà lọ, wọ́n bá a níbẹ̀, oṣù ń gorí oṣù, wọ́n tún lọ, kò kúrò, ẹyin ẹ̀ ń tóbi, wọ́n ti ń rí ọmọ nínú ẹ̀, òun alára sì ń rù. Awọ ara ẹ̀ ń rọ̀, àwọ̀ ẹ̀ ń ṣí, ojú ẹ̀ ń ṣe bàìbàì. Akàn àti edé ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kò fọwọ́ kan ìkankan láti jẹ, àfi tó bá sún mọ́ ọn jù ló máa tì í dànù, kódà wọ́n fi apá róbọ́ọ̀tì na ẹran akàn sí i, kò gbà. Ìgbà 18 ni wọ́n lọ wò ó. September 2011 ó ṣì wà níbẹ̀, nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀ lóṣù October, kò sí níbẹ̀ mọ́, èèpo ẹyin tó ti ṣófo ló kù lára àpáta. Oṣù 53 nìyẹn, ọdún mẹ́rin àti oṣù márùn-ún. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2014, kò tíì sí ẹranko kankan tí wọ́n mọ̀ tó sàba pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Kí ló dé tó fi pẹ́ tó yẹn? Òtútù ni. Omi ibẹ̀ ò ju bíi dìgírì 3 Celsius lọ, ẹranko tí kì í sì í mú ara ẹ̀ gbóná, bí omi bá ṣe tutù sí ni gbogbo nǹkan inú ara ẹ̀ ṣe ń falẹ̀ sí, ọmọ inú ẹyin náà ò lè yára dàgbà. Ìdí kejì ni pé ẹyin ẹ̀ ò pọ̀, nǹkan bí 160 ni, ṣùgbọ́n ó tóbi, ọmọ tó ń jáde nínú ẹ̀ ti gbó, ó ti lè wá oúnjẹ fúnra ẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Ti octopus ńlá òkun Pacific ò rí bẹ́ẹ̀, ọmọ tiẹ̀ kéré gan-an, á lọ máa léfòó pẹ̀lú àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ inú omi, ọ̀pọ̀ wọn ni nǹkan á gbé mì. Ìyá kan ná owó ẹ̀ lórí iye ọmọ, ìyá kejì ná an lórí àkókò.

Tí ọ̀rọ̀ òtútù yìí bá dá yín lójú, ẹ á mọ ìdí tí inú àwọn onímọ̀ fi dùn ní 2018. Ọkọ̀ ojú omi Nautilus ló ń ṣàwárí ní ẹsẹ̀ òkè abẹ́ òkun kan tó ń jẹ́ Davidson Seamount, ó jìn tó 3,200 mítà, kámẹ́rà wọn ṣàdédé já sáàárín octopus tí wọn ò lè kà tán, wọ́n dorí kodò sínú pàlàpálá àpáta, wọ́n ká apá wọn síta, ẹyin wà lábẹ́ wọn, omi tó yí wọn ká sì ń mì lójú kámẹ́rà bí ìgbà tí omi tó gbóná bá ń dà pọ̀ mọ́ èyí tó tutù. Wọ́n sọ ibẹ̀ ní Octopus Garden. James Barry àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ lọ ti ẹ̀rọ bọ ibẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2023: omi òkun lágbègbè yẹn jẹ́ dìgírì 1.6, ṣùgbọ́n inú ìtẹ́ àwọn octopus yìí ó ń tó bíi 5, torí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ń sun láti inú àpáta. Ẹyin wọn ń pa láàárín nǹkan bí ọdún méjì ó dín díẹ̀. Tó bá jẹ́ inú omi tútù yẹn ni wọ́n yé e sí, ìṣirò wọn ni pé á tó ọdún márùn-ún sí mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí kámẹ́rà rí tó nǹkan bí 6,000, wọ́n sì gbà pé gbogbo wọn pọ̀ jùyẹn lọ. Bí àkókò sísàba bá kúrú, ewu tó lè bá ẹyin á dín kù, ìyá náà á lè pẹ́ tó láti parí iṣẹ́ kó tó kú.

Ibi tí ìyá gbé ẹyin sí ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìwádìí Autun Purser àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní 2016 fi ń ká mi lára. Ní Peru Basin, apá kan ìsàlẹ̀ òkun Pacific, ní ibi tó jìn ju 4,000 mítà lọ, wọ́n rí octopus tó ń sàba lórí igi kànrìnkàn òkun (sponge, ẹranko tó máa ń dúró sójú kan) tó ti kú, ìyẹn ọ̀pá tó gbé kànrìnkàn yẹn dúró nígbà tó wà láàyè. Àárín ẹrẹ̀ ló wà, kò síbòmíì tó le tí wọ́n lè lẹ ẹyin mọ́, kànrìnkàn yẹn gan-an ò lè hù nínú ẹrẹ̀, orí òkúta tí wọ́n ń pè ní nodule ló máa ń hù sí. Nodule yìí làwọn iléeṣẹ́ ìwakùsà fẹ́ lọ kó torí manganese, nickel, cobalt àti copper tó wà nínú ẹ̀, kó tó fi mílímítà díẹ̀ péré tóbi sí i, mílíọ̀nù ọdún kan máa ń kọjá. Ní 1989 àwọn onímọ̀ láti Jámánì fi ẹ̀rọ túlẹ̀ apá kan Peru Basin kí wọ́n lè mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀, nígbà tí wọ́n padà síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún 26, ojú ibi tí wọ́n tú ṣì hàn gbangba, àwọn ẹranko tó máa ń dúró sójú kan sẹ́ oúnjẹ látinú omi ò tíì padà pọ̀ tó bó ṣe yẹ. Octopus Garden wà nínú ibi tí ìjọba Amẹ́ríkà ti dáàbò bò, kò sí ẹni tó lè lọ wa nǹkan níbẹ̀. Àwọn tó ń sàba lórí igi kànrìnkàn ní Peru Basin ò ní irú ààbò yẹn.